Ilẹ̀ rírà àti owó ìjọba lórí rẹ̀ ní ìgbèríko Ìbàdàn

Ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó yí ìgboro Ìbàdàn ká, bí Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ẹ̀ẹ̀mejì ni èèyàn ń gba ilẹ̀: ó ń gbà á lọ́wọ́ ẹbí, ó sì ń gbà á lọ́wọ́ ìjọba. Ọ̀pọ̀ olùrà ló máa ń dúró sórí ti àkọ́kọ́. Bí ìlú ti ń fẹ̀, oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ ti ń di pílọ́ọ̀tì láti Mọ́níyà títí dé Àkànràn.

Ẹni tó ni ilẹ̀

Púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọ̀nyí jẹ́ ti àwọn ìdílé jagunjagun àti olóyè Ìbàdàn láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nítorí náà, Baálẹ̀ lè wà lóko, kí Mọ́gàjí, ìyẹn olórí ẹbí tí ilẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀, máa gbé nínú agbo ilé ní ìgboro. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ń jẹ oko ni. Kò ní àṣẹ láti ta ilẹ̀. Ohun tí ilé ẹjọ́ sì ti ń tẹ̀ lé láti ìgbà pípẹ́ ni pé bí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ tà láìsí ìmọ̀ àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. Bí ọmọ ẹbí kan bá sì tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni títà náà látìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí aṣojú ìdí igi (ẹ̀ka ẹbí) kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé.

Súfèé

Pílọ́ọ̀tì kan sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Asúfèé á ri òpó sìmẹ́ńtì kékeré mọ́ igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà á wà lórí òpó, nọ́ńbà yẹn kan náà á sì wà nínú ìwé súfèé. Pẹ̀lú ìwé yìí ni lóyà fi lè wádìí bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà, irú èyí tó wà ní ipa Circular Road, ọ̀nà tí yóò yí Ìbàdàn ká, tí wọ́n ṣètò pé yóò gùn tó kìlómítà 110. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ni ìwádìí yìí dára.

Òfin ọdún 1978

Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Níbi tí wọ́n bá ti kéde pé ó jẹ́ ìgboro, gómìnà ló ń fọwọ́ sí títà. Ní oko, ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ní ọdún 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ẹni tó ti ni ilẹ̀ kí òfin yìí tó dé pàápàá gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí gómìnà kí ó tó fi dúró fún owó.

Owó sísan

Iléeṣẹ́ ètò ilẹ̀ ní Sẹkitéríàtì, Agodi, ló ń bójú tó ìfọwọ́sí. Ìjọba á kọ́kọ́ díye lé ilẹ̀ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ni olùrà á san owó ìfọwọ́sí, owó òǹtẹ̀ àti owó ìforúkọsílẹ̀. Owó-orí lórí èrè wà pẹ̀lú. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún èrè ni kí òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026. Lábẹ́ òfin, ẹni tó ta ilẹ̀ ló ni gbèsè yìí, àmọ́ olùrà ni wọ́n sábà máa ń dì í lé lórí, nítorí náà kí wọ́n sọ ọ́ síta nígbà ìdúnàádúrà.

Owó ìpìlẹ̀ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń gbà kì í ṣe owó-orí, kò sì lè rọ́pò ìfọwọ́sí. Ẹni tó bá ná gbogbo owó rẹ̀ tán lórí ilẹ̀ láìṣẹ́ ti ìwé kù kò tíì ra ilẹ̀ náà tán. Ó sàn kí ó ra ìdajì pílọ́ọ̀tì tó níwèé ju odidi pílọ́ọ̀tì méjì tí ríṣíìtì ẹbí nìkan dúró fún.