Kí Ni Akọ̀ròyìn Gbọ́dọ̀ Kọ́ ní Yunifásítì?

Ní ọdún 1854, Àlùfáà Henry Townsend ti ìjọ CMS gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta, ó sì kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sídìí rẹ̀ láti kọ́ṣẹ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí jáde láti ibẹ̀: Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ẹni tó bá ń wá ilé-ẹ̀kọ́ akọ̀ròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí, kó má wulẹ̀ wá a lọ sí yunifásítì. Ìdí ẹ̀rọ yẹn ni. Àwọn ọmọ-iṣẹ́ náà kọ́ bí a ti ń to lẹ́tà, bí a ti ń fi yíǹkì sí i, àti bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ́ ohun kan tí kò hàn sójú: bí a ti í kọ èdè Yorùbá sílẹ̀ kí ó yé ẹni tó ń kà á. Ìpàdé tí àwọn CMS fi ẹnu àkọtọ́ Yorùbá kò sí kò wáyé ní Èkó títí di 1875. Nígbà náà, ìwé ìròyìn Abẹ́òkúta ti kógbá wọlé. Rògbòdìyàn Ìfọ́lé ti 1867 ló pa á run.

Èkó ni iṣẹ́ ìròyìn wá fìdí kalẹ̀ sí. Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà: atẹ̀wé ni Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà tó dá Anglo-African sílẹ̀ ní 1863, olùkọ́ ni I. B. Thomas kí ó tó dá Akéde Èkó sílẹ̀ ní 1928. Kò sí ìkankan nínú wọn tó gba oyè nínú iṣẹ́ ìròyìn, nítorí pé kò sí ibi tí wọ́n ti í fi oyè náà dá ènìyàn lọ́lá ní ilẹ̀ yìí.

Ní Amẹ́ríkà ni àríyànjiyàn lórí ohun tó yẹ kí akọ̀ròyìn kọ́ ti kọ́kọ́ gbóná. Joseph Pulitzer, tó ni ìwé ìròyìn World ní New York, ṣèlérí mílíọ̀nù méjì dọ́là fún Yunifásítì Columbia ní 1903 pé kí wọ́n fi dá ilé-ẹ̀kọ́ akọ̀ròyìn sílẹ̀. Charles Eliot, ọ̀gá àgbà Harvard, dá ìmọ̀ràn pé kí wọ́n fi ètò ìṣòwò ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn àti ìpolówó ọjà kún ẹ̀kọ́ náà. Pulitzer fárígá. Nínú àròkọ tó kọ ní 1904, ó ní ti òwò kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ rárá. Òfin, ìtàn, ètò ọrọ̀ ajé, ìwà ọmọlúwàbí lẹ́nu iṣẹ́, lítíréṣọ̀ àti èdè ni kí wọ́n máa kọ́. (Ó yẹni lójú pé ẹni tí òwò ìwé ìròyìn sọ di olówó ló ń sọ bẹ́ẹ̀.) Ó kú ní 1911, ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣílẹ̀kùn ní 1912. Yunifásítì Missouri sì ti ṣáájú wọn. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ní 1908 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti ń gbé ojúlówó ìwé ìròyìn jáde fún ará ìlú.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn kò ka iṣẹ́ ìròyìn sí ẹ̀kọ́ yunifásítì. Òótọ́ ni pé Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ń fúnni ní dípúlọ́mà nínú rẹ̀ láti 1919, ṣùgbọ́n ó dópin ní 1939. Abájọ tí kò fi sí i ní Ìbàdàn nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1948 lábẹ́ àbójútó Lọ́ńdọ̀nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹlifíṣọ̀n WNTV ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Ìwé Ìròhìn, láìsí yunifásítì kan ní Nàìjíríà tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà. Nnamdi Azikiwe ló mú ti Amẹ́ríkà wálé. Ibẹ̀ ló ti kàwé kí ó tó dá West African Pilot sílẹ̀ ní 1937. Yunifásítì tó sì pilẹ̀ ní Nsukka ní 1960 ní ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìròyìn ní 1961. Jackson College ni wọ́n pè é, orúkọ ìdílé tó ń gbé Lagos Weekly Record jáde láti 1891. Yunifásítì Èkó tẹ̀lé e ní 1966.

Àwọn ètò ẹ̀kọ́ wọ̀nyí fẹ́ mú ti Missouri mọ́ ti Pulitzer. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ìkọròyìn, òfin àti ìwà lẹ́nu iṣẹ́, ìtàn ìwé ìròyìn, tíọ́rì àti ìlànà ìwádìí. Ó ń lọ ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ fún oṣù díẹ̀. Nígbà tó bá yá, yóò yan ẹ̀ka kan, ìwé ìròyìn tàbí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tàbí ìpolówó ọjà. Ohun tí Pulitzer pè ní èdè wá di Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀ranyàn nínú ìdánwò àṣewọlé. Òun ni wọ́n fi ń kọ́ni. Òun náà ni wọ́n fi ń dáni wò. Yorùbá kì í ṣe ọ̀ranyàn fún ẹni tí yóò máa fi Yorùbá ka ìròyìn.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Ìròyìn tó dé orí tábìlì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ọlọ́pàá mú ọkùnrin kan tí wọ́n fura sí pé ó jalè, bí atúmọ̀ bá kọ ọ́ pé 'ọlọ́pàá mú olè kan', ó ti dájọ́ kí adájọ́ tó jókòó, ọ̀ràn ìbanilórúkọjẹ́ sì lè ti ibẹ̀ yọ. 'Afurasí' ni ọ̀rọ̀ tó yẹ ẹ́, àwọn oníròyìn fúnra wọn ló sì fi lílò sọ ọ́ di mímọ̀. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ kékeré náà, 'wọ́n'. Bí akọ̀ròyìn bá kọ pé 'Kọmíṣánnà àti àwọn olùkọ́ ṣèpàdé. Wọ́n ní owó kò sí', ta ló sọ ọ́? Bọ̀wọ̀fágbà lè sọ Kọmíṣánnà di 'wọ́n', àwọn olùkọ́ náà sì jẹ́ 'wọ́n'. Bí ó bá sì lo 'ó' fún Kọmíṣánnà, àwọn olùgbọ́ kan yóò ní ó rí àgbà fín. Ṣé afurasí tó ti pé àádọ́rin ọdún ńkọ́, 'ó' ni àbí 'wọ́n'? Kò sí ìwé òfin ìròyìn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ tó lè yanjú èyí. Ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ ló ń kọ́ ọmọ tuntun, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nídìí ẹ̀rọ Townsend. Bí ọ̀gá náà bá fẹ̀yìn tì, ìmọ̀ rẹ̀ bá a lọ ilé.

Iṣẹ́ kò sì wọ́n fún ẹni tó gbọ́ èdè náà dáadáa. BBC bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka Yorùbá ní 2018, yàtọ̀ sí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò tó pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Ní 2019, NUC, àjọ tó ń ṣe kòkáárí àwọn yunifásítì, kéde pé ẹ̀kọ́ ìbánisọ̀rọ̀ yóò pín sí ẹ̀ka oyè méje, lára wọn ni iṣẹ́ ìròyìn, ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ìpolówó ọjà àti fíìmù. Kò sí ọ̀kan nínú orúkọ méjèèje tó dárúkọ èdè. Síbẹ̀, ètò ẹ̀kọ́ tí àjọ náà gbé jáde ní 2022 fi ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tó wù ú kún un. Nínú ọgbọ̀n yẹn ni àyè wà fún kọ́ọ̀sì ìtumọ̀ ìròyìn sí Yorùbá, tí olùkọ́ èdè àti olùkọ́ ìròyìn yóò jọ máa kọ́, tí máàkì rẹ̀ yóò sì kà nínú oyè. Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.