Ìrísí Kọ́ Ni Ìwà: Ọwọ́ Ta Ni Ká Fi Owó Wa Sí?

Gbogbo ọpẹ́ ti Allāh ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ní ọdún 2003, ọmọ ọdún 19 kan ní Amẹ́ríkà, Elizabeth Holmes, dá ilé iṣẹ́ Theranos sílẹ̀. Ó ní ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka ni ẹ̀rọ òun yóò fi ṣe oríṣiríṣi àyẹ̀wò. Ẹ̀wù dúdú ọlọ́rùn gíga bíi ti Steve Jobs ló máa ń wọ̀, ohùn rẹ̀ nípọn, ojú rẹ̀ kì í yẹ̀. Àwọn àgbà òṣèlú bíi Henry Kissinger àti George Shultz wà nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Àwọn olówó rí gbogbo èyí, wọ́n kó owó tó lé ní 700 mílíọ̀nù dọ́là fún un.

Ògún ọdún tí irọ́ ti ń lọ, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ní 2015, ìwé ìròyìn Wall Street Journal tú àṣírí pé ẹ̀rọ náà kò ṣe ohun tí wọ́n sọ. Ní 2022, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi jìbìtì, wọ́n sì rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún 11 ó lé.

Àwọn olówó wọ̀nyẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Ìrísí ni wọ́n rí, wọ́n pè é ní ìwà.

Ẹ wo Khadijah, kí Allāh yọ́nú sí i. Oníṣòwò ńlá ni ní Mẹ́kà, ó máa ń gbé ọjà fún àwọn ọkùnrin láti bá a tà, wọ́n á sì jọ pín èrè. Òkìkí òótọ́ Muhammad ló mú kó fa ẹrù lé e lọ́wọ́ lọ sí Ṣáámù. Àwọn tó ń pè é ní Al-Amīn jẹ́ aládùúgbò tó mọ̀ ọ́n láti kékeré. Síbẹ̀, Khadijah fi ìránṣẹ́ rẹ̀, Maysarah, tẹ̀ lé e, òun ló sì padà wá ròyìn ohun tó fojú rí.

Wọ́n gbà á wá pé ọkùnrin kan ń yin ẹnìkan níwájú Umar. Umar bi í bóyá ó ti bá ẹni náà rìnrìn àjò, bóyá wọ́n ti jọ dòwò pọ̀, bóyá aládùúgbò rẹ̀ ni. Ó ní rárá sí gbogbo rẹ̀. Umar ní kò mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wá owó òwò, ẹ jẹ́ kí àwọn tó sún mọ́ yín lè jẹ́rìí yín. Ẹ̀yin òbí tí wọ́n ń bẹ̀ pé kí ẹ dá owó, ẹ béèrè bíi ti Umar, kí ẹ sì kọ àdéhùn sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí āyah 282 nínú Sūratul-Baqarah ṣe pa á láṣẹ lórí gbèsè.

Kí Allāh fi wá ṣe olùfọkàntán. Āmīn.