Láti Òwú Àràbà Dé Fáíbà: Ìtàn Ẹ̀wù Ogun Lójú Ará Àkókó

Ìtàn ẹ̀wù tí jagunjagun ń wọ̀ kí ọfà tàbí ọta má baà wọlé sí i lára ti fọ́n káàkiri. Díẹ̀ wà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, díẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tó kọ ìtàn Bídà, díẹ̀ wà lára idẹ Ìbínní, èyí tó kù sì wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ológun Amẹ́ríkà. Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, bí ọ̀rọ̀ náà bá délẹ̀, ẹnìkan á ní oògùn nìkan ni àwọn bàbá wa gbójú lé. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, wọ́n ní asà, wọ́n ní ẹ̀wù awọ. Mo kó ohun tó wà jọ síbí kí a lè mọ èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ti ayé àtijọ́ kò gùn. Àwọn idẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n rọ ní Ìbínní ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti ìkẹtàdínlógún fi àwọn ológun hàn pẹ̀lú asà lọ́wọ́, ẹ̀wù tó nípọn lára, àti ẹ̀gbà eyín ẹkùn lọ́rùn. Ọ̀wọ̀, tó múlé ti Àkókó, sì sún mọ́ ààfin Ìbínní gan-an.

Ibi tí ìtàn ti kún ni ti lìfídì, ẹ̀wù ogun tí àwọn ará òkè ọya ń fi òwú ṣe. Dixon Denham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dé Bọ̀rnú ní 1823, rí àwọn ẹlẹ́ṣin Ṣéhù, olórí ibẹ̀, tí wọ́n wọ ẹ̀wù irin tí a hun, ó sì rí àwọn tó fi aṣọ òwú tó nípọn bo ara wọn àti ẹṣin wọn. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1826 pẹ̀lú àwòrán wọn. Ní ilẹ̀ Haúsá, wíwọ lìfídì ṣe pàtàkì débi pé oyè Sarkin Lifidi wà fún olórí àwọn tó ń wọ̀ ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á mú aṣọ híhun méjì tó ki, wọ́n á tẹ́ wọn léra, wọ́n á wá ki òwú igi àràbà sáàárín wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi abẹ́rẹ́ rán an láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà kan tẹ̀lé ìkejì, kí òwú má baà ṣàn wálẹ̀ kó sì ṣẹ́ jọ sídìí. Nígbà tó bá parí, ara rẹ̀ á rí bí ebè oko tí a kọ létòlétò. Ó wúwo débi pé wọ́n sábà ń ran ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kó tó lè gun ẹṣin. Ọfà tó bá bá a, fọ́nrán òwú á dì mọ́ ẹnu rẹ̀, á gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ọfà náà bá ní oró, oró náà á kù sínú òwú kó tó kan awọ ara. Ooru ni wàhálà rẹ̀, iná sì tún ni. Òwú àràbà kì í pẹ́ gbiná.

Irú ogun ẹlẹ́ṣin bẹ́ẹ̀ ló ń bọ̀ wá sí Àkókó láti Bídà ní ilẹ̀ Núpé, pàápàá láàárín ọdún 1859 sí 1884 tí Masaba, lẹ́yìn náà Umaru Majigi, jọba níbẹ̀. Wọ́n kó ènìyàn lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn ará wa gun òkè lọ. Ẹni tó bá ti wo àpáta Ọ̀kà láti ìsàlẹ̀ mọ ìdí rẹ̀: ẹṣin kò lè gun ún, ẹni tó wọ lìfídì kò sì lè fẹsẹ̀ gùn ún nínú oòrùn ọ̀sán nígbà tí òkúta ń yí bọ̀ wá bá a.

Èyí ló gbé wa dé orí àríyànjiyàn tó le jù: ṣé àwọn Yorùbá fúnra wọn wọ ẹ̀wù ogun tó nípọn? Johnson, tó parí ìwé rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí wọn kò tẹ̀ ẹ́ títí di 1921, sọ̀rọ̀ nípa oògùn ogun gan-an. Àwọn tó ń sọ pé oògùn nìkan ni a ní máa ń gbára lé ìwé náà. Ẹ̀rí mìíràn wà ní Èkìtì, ládùúgbò wa: àwọn ère ẹlẹ́ṣin orí eégún Ẹpa. Ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn, àdó àti ońdè sì ni a sábà ń rí láyà wọn dípò irin tàbí awọ líle. Àwọn tó ń tako èyí náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, nítorí asà kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìdájọ́ tèmi ni pé ìhà méjèèjì sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ti ibì kan náà. Ẹ̀wù ogun tó wúwo ń bá ẹṣin rìn ni. Níbi tí ẹṣin ti lè gbé pẹ́, bí Ọ̀yọ́ àtijọ́, ó lè wúlò. Nínú igbó, níbi tí eṣinṣin ti ń pa ẹṣin, ọmọ ogun ń fẹsẹ̀ rìn ni, asà àti gbérí ọdẹ sì ti tó o. Ní ti àríyànjiyàn pé oògùn ayẹta àti òkígbẹ́ ń jẹ́ tàbí kò jẹ́, n kò ní dúró lórí rẹ̀. Ohun tó dájú ni pé wọ́n wọ̀ wọ́n lọ sógun.

Ìbọn ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí Àkókó wà lára Èkìtìparapọ̀, àwọn ọmọ wọn ní Èkó fi ìbọn Snider ránṣẹ́. Òwú kò lè dí irú ọta bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ilẹ̀ Kòríà wọ́n gbìyànjú rẹ̀: aṣọ òwú tí wọ́n tẹ́ léra lọ́nà 30 ni wọ́n wọ̀ bá àwọn ará Amẹ́ríkà jà ní 1871, ó sì gbiná mọ́ wọn lára. Ní Bídà pẹ̀lú, ní oṣù kìn-ín-ní 1897, ìbọn Maxim ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company tú ogun ẹlẹ́ṣin ká.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú lìfídì, pé kí fọ́nrán púpọ̀ pín agbára ohun tó ń bọ̀ láàárín ara wọn, kò kú. Ní àwọn ọdún 1930 ni wọ́n mọ bí a ṣe ń fa dígí di fọ́nrán ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Owens-Corning sì bẹ̀rẹ̀ ní 1938. Ní 1943, ilé-iṣẹ́ Dow tẹ́ aṣọ dígí léra, wọ́n fi oje résìnì lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ gidigidi. Wọ́n pè é ní Doron, látinú orúkọ ọ̀gágun Georges Doriot. Àwọn ọmọ ogun orí omi Amẹ́ríkà kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ní erékùṣù Okinawa ní 1945, wọ́n sì tún wọ̀ ọ́ ní Kòríà. Àfọ́kù bọ́ǹbù àti ọta ìbọn ìléwọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ní 1965 Stephanie Kwolek ṣàwárí fọ́nrán tó di Kevlar, Doron sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lójú ọ̀nà.

Lọ́dọ̀ wa, àwọn oníṣẹ́ fáíbà ń fi dígí àti résìnì yìí kan náà ṣe bọ́ńpà, táǹkì omi àti ère. Wọ́n á fi pólíìṣì pa inú módù, wọ́n á tẹ́ máàtì sí i, wọ́n á po résìnì, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ títí afẹ́fẹ́ á fi jáde. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í jẹ́ kí kátálíìsì àti akiselérétọ̀ pàdé láìsí résìnì láàárín wọn, nítorí iná. Bí a ti ń gbé nínú ìpayà ajínigbé, àwọn kan ń béèrè bóyá wọn kò lè fi èyí ṣe ìgbàyà fún ọdẹ àti fijilánté. N kò gbà á. Résìnì tí ọwọ́ tẹ̀ kì í ki bí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, òfìfo kéékèèké sì máa ń kù nínú rẹ̀. Ọta AK-47 ń jáde ní nǹkan bí mítà 700 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ìbọn ìléwọ́ .45, bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin. Doron gan-an kò lè dí i, ká má tíì sọ ti bọ́ńpà.

Ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2020, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ṣe òfin tirẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún náà. Lẹ́yìn ìkọlù ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, ọ̀rọ̀ ẹ̀wù ayẹta gbilẹ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kó o wọlé láti òkè òkun gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Ilé-iṣẹ́ DICON ní Kàdúná, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964, ni a dá láti máa ṣe ohun ìjà fún ìjọba, òfin tuntun sì jáde fún un ní 2023.