Bí A Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Unix: Àmì Ohùn Yorùbá ní Airport Road, Ìlú Bìní

Ní ọdún 2012, nígbà tí ìpàdé àpérò ku ọ̀la, a gbé àpilẹ̀kọ olójú-ewé mẹ́fà lọ sí ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Airport Road, ìlú Bìní. Ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde kì í ṣe Yorùbá mọ́: ẹ ti di àmì dọ́là, àmì ohùn kò sì sí níbì kankan. A fẹ́ bínú sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó ti ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n àwa la jẹ̀bi. Fọ́ǹtì àdábọwọ́ la fi kọ iṣẹ́ náà, irú èyí tí wọ́n lé àmì mìíràn kúrò kí ẹ lè rí ibi jókòó. Níbi tí fọ́ǹtì náà kò bá sí, onílé á padà sí ààyè rẹ̀.

Ubuntu ló wà lórí kọ̀ǹpútà ọmọ náà, ọ̀kan nínú ìran Unix. Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs, Amẹ́ríkà, ní 1969. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Finland, gbé Linux tó fara jọ ọ́ jáde. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ló dá Ubuntu sílẹ̀ lórí Linux ní 2004. Inú èdè bíi Zulu àti Xhosa ni orúkọ náà ti wá. Ẹni tó mọ ọmọlúàbí kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí tó kan àwa olùkọ́ èdè jù ni ti oṣù Kẹsàn-án 1992. Thompson kan náà àti Rob Pike jókòó ní ilé oúnjẹ kan ní New Jersey, wọ́n sì ya ìlànà UTF-8 sórí bébà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ àwo. Ìlànà yìí ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nọ́ńbà tí Unicode fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ohùn òkè ló ní tirẹ̀, a ó wá gbé e lé ẹ lórí. Ìdí nìyẹn tí fọ́ǹtì tí kò dára fi ń gbé ohùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà títí dòní.

Ọmọ náà ní kí á jókòó. Ó kọ́ wa ní pwd, tó ń sọ ibi tí a wà. Ls, tó ń to ohun tó wà níbẹ̀. Cd, tó ń gbé wa lọ síbòmíràn. A tẹ LS, ẹ̀rọ ní òun kò mọ̀ ọ́n: lẹ́tà ńlá àti kékeré kì í ṣe ọ̀kan náà lójú Unix. Ó kìlọ̀ fún wa nípa rm, nítorí ohun tó bá pa rẹ́ kì í ní apẹ̀rẹ̀ tí a ti lè ṣà á padà. Lẹ́yìn náà ló tẹ setxkbmap ng yoruba, kíbọọ̀dù sì di ti Yorùbá. A tún iṣẹ́ wa tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lábẹ́ Nàìjíríà, Hausa, Igbo àti Yorùbá ni a rí. Ẹdó, èdè ọmọ náà, kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Bìní la wà. Ojú tì wá díẹ̀. Òun ṣí fáìlì náà, /usr/share/X11/xkb/symbols/ng: ọ̀rọ̀ lásán ni, ìlà lórí ìlà, tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ó wá ibi tí ti Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sísàlẹ̀, ó pa Yoruba rẹ́ nínú àkọlé ẹ̀dà náà, ó sì kọ Edo.