Àkájà, whédo àti kòtò: bí wọ́n ṣe ń sin ẹja ní gúúsù Benin, àti ohun tó ń fojú omi rí

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi láti Abomey-Calavi lọ sí Ganvié, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ káàkiri inú omi Nokoué, tó dúró ṣánṣán bí oko tí iná jó kọjá. Àkájà nìyẹn. Ọgbà ẹja ni, kì í ṣe igbó tí omi bò. Àwọn Tofinu tó ń gbé lórí omi níbẹ̀ àti àwọn ará ọ̀sà Àjàṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Kódà àwọn onímọ̀ ẹja ilẹ̀ òkèèrè ò wá orúkọ míì fún un, "acadja" náà ni wọ́n ń kọ. Àwa tá a wà lókè, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹja yíyan la máa ń bá lọ́jà, a kì í bèèrè bó ṣe dàgbà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Apẹja á gé ẹ̀ka igi, á rì í mọ́ ẹrẹ̀ níbi tí omi ò ti jìn. Tó bá yá, ohun aláwọ̀ ewé kan tó ń yọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára igi, kòkòrò wẹ́wẹ́ á wá síbẹ̀, ẹja á tẹ̀ lé wọn. Ẹja rí oúnjẹ, ó tún rí ibi sá pamọ́ sí. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni èpìyà ọ̀sà, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ń jẹ́ Sarotherodon melanotheron. Omi iyọ̀ tàbí omi dídùn, kò sí èyí tí kò lè gbé. (Akọ rẹ̀ ló máa ń kó ẹyin sẹ́nu títí wọn á fi di ọmọ; ìyá ti bá tirẹ̀ lọ.) Ọ̀bọ̀kún náà ń wá. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á fi àwọ̀n yí ọgbà náà ká, wọ́n á fa igi yọ, wọ́n á kó ẹja. Wọn ò ra oúnjẹ kankan fún un.

Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n ńlá ni. Àwọn tó wọn ẹja àkájà ní nǹkan bí ọdún 1970 kọ ọ́ sílẹ̀ pé hẹ́kítà kan lè mú tọ́ọ̀nù 4 wá lọ́dún, ó sì lè tó 20 níbi tí igi bá ti pọ̀. Omi tí wọn ò rì nǹkan kan sí ò lè sún mọ́ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n igi náà ń jẹrà, àfi kí wọ́n máa fi tuntun sí i. Ibo ni igi ti ń wá? Láti inú igbó etídò ni, títí kan palétuvier, igi etí ọ̀sà tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ síta bí ẹsẹ̀. Abẹ́ gbòǹgbò yẹn gan-an ni ọmọ ẹja máa ń sá sí nígbà tó ṣì kéré. A gé ilé ẹja láti fi kọ́ ilé ẹja. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà omi Kútọnu sí òkun lọ́dún 1885, omi iyọ̀ túbọ̀ ń wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kòkòrò òkun tó ń lu igi sì bá a wọlé, igi ò wá pẹ́ mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ka tó dúró sójú kan máa ń dá omi dúró. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ tí odò Wẹ̀mẹ̀ (Ouémé) ń gbé bọ̀ á jókòó síbẹ̀, ewé àti igi jíjẹrà á kún un, ọ̀sà á máa dàgún. Jacinthe d'eau, ewéko tó ń léfòó, á rí ibi dì mọ́. Ọ̀rọ̀ tó tún ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni ti ẹni tó ni omi. Ẹni tó rì igi sí ibì kan ti sọ ibẹ̀ di tirẹ̀; ẹni tó ní àwọ̀n jíjù nìkan, tí ò lówó igi, kò ríbi jù ú sí mọ́. Lójú tèmi, ìyẹn burú ju ti ẹrẹ̀ lọ.

Whédo yàtọ̀. Àfonífojì Wẹ̀mẹ̀ ni ti ẹ̀, ní Adjohoun, ní Dangbo, ní Aguégués. Kòtò gígùn ni wọ́n ń gbẹ́ sínú ilẹ̀ tí omi máa ń bò. Odò á kún ní oṣù September àti October, ẹja á tàn ká pápá, tí omi bá fà, wọ́n á há sínú kòtò. Ìdílé ló sábà máa ń ni ín, ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sì ń kó ẹja inú rẹ̀. Kò gba igi púpọ̀. Ohun tó lè bà á jẹ́ wà létí rẹ̀: ewébẹ̀ tí wọ́n ń gbìn síbẹ̀, àti oògùn kòkòrò tí òjò ń fọ̀ wọnú kòtò.

Kòtò ẹja ayé òde òní àti táǹkì sìmẹ́ǹtì, ẹja àrọ̀ ló kún inú wọn, torí ó lè gbé orí sókè mí afẹ́fẹ́ nígbà tí omi bá bàjẹ́. Àǹfààní yẹn ló ń sọ àwa èèyàn di aláṣejù. A kó o há, a bọ́ ọ, omi di dúdú, a sì ṣí i sínú odò kékeré tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń pọn. Oúnjẹ oníyẹ̀fun ẹja sì rèé, ẹja òkun ni wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀. Songhaï ní Àjàṣẹ́, tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ lọ́dún 1985, gba ọ̀nà míì: ìdin tó jáde lára pàǹtírí ni wọ́n fi ń bọ́ ẹja, ìgbẹ́ ẹran ń wúlò, omi ẹja ń lọ sí oko.

Àgò àwọ̀n tí wọ́n so sínú omi ńkọ́? Oúnjẹ tí ẹja ò jẹ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ń já sí ìsàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jẹrà ni wọ́n ń jẹ atẹ́gùn inú omi. Lóru, ewéko omi náà ń lò ó, kò sì sí oòrùn tí yóò jẹ́ kó pèsè òmíràn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìdájí ni ẹja máa ń kú ní rẹpẹtẹ. Ẹni tó bá rí ẹja tó ń la ẹnu lójú omi ní aago márùn-ún ìdájí, kó dá oúnjẹ dúró ná.

Láti ọdún 2000 ni Nokoué, ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti ìsàlẹ̀ Wẹ̀mẹ̀ ti wà lára àwọn ilẹ̀ olómi tí àdéhùn Ramsar ń ṣọ́. Òfin Benin lórí ẹja pípa àti ọ̀sìn ẹja, nọ́ńbà 2014-19, sì ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kòtò tirẹ̀ ní Ìfànhìn tàbí Sakété, kó kọ́kọ́ wo ibi tí omi ìdọ̀tí yóò gbà. Tí gbọ́má tàbí tòmátì bá wà nísàlẹ̀ kòtò, ibẹ̀ ni kó darí rẹ̀ sí. Wọ́n á mu ún, ajílẹ̀ rírà á sì dín kù.