Ìwé Àdéhùn Ìjọba Pẹ̀lú Àwọn Olùkọ́ Fásitì

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà àti àwọn olùkọ́ fásitì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí owó oṣù, ìnáwó ilé-ẹ̀kọ́ àti òmìnira fásitì. Attahiru Jega ló ṣáájú àwọn olùkọ́. Ìjọba ológun ló wà lórí àlééfà, ìjọba tó ti fòfin de ASUU, ẹgbẹ́ wọn, ní 1988. Nítorí náà, ìṣẹ́gun ńlá ni.

Ní 1993, Ben Nwabueze tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ sọ pé òfin kò lè fi dandan mú ìjọba pa àdéhùn náà mọ́. Ògbóǹtarìgì amòfin ni Nwabueze, èyí ló sì mú kí ọ̀rọ̀ náà wúwo.

Wọ́n tún tọwọ́ bọ òmíràn ní 2001, àti ní 2009. Ti 2009 ni wọ́n ní kí wọ́n máa tún yẹ̀ wò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta kọjá. Ní 2013, àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ju oṣù márùn-ún lọ nítorí ìwé àdéhùn kan náà yìí, kì í ṣe nítorí ohun tuntun.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ẹgbẹ́ pe ìpàdé sí Kano láti gbé ohun tí ìjọba fi lọ̀ wọ́n yẹ̀ wò. Festus Iyayi, olórí ẹgbẹ́ nígbà kan rí, kò dé ibẹ̀: ìjàmbá ọkọ̀ pa á lójú ọ̀nà.