Ta Ló Ṣe Ìbòjú Batman?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fóònù ìyá rẹ̀ pè mí láti Òwu, l'Abẹ́òkúta, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n dáhùn ìkíni rẹ̀ tán. "Ọ́ńkù, wọ́n ní ká múra bí akọni tá a fẹ́ràn wá sí pátì ìparí sáà. Batman ni mo fẹ́ ṣe." Mo ní kò sí wàhálà, màá ra ìbòjú kan l'Ékòó kí n tó máa bọ̀ nílé. "Ẹ má ra dúdú yẹn o! Ti àtijọ́ ni mo fẹ́, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà ya irun sí lókè ojú."

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Èmi ni mo fi Batman ọdún 1966 hàn án lórí YouTube nígbà ọlidé kan. Mo fẹ́ kó rí ohun tí èmi náà wò ní kékeré, nílé aládùúgbò wa kan tó ní ẹ̀rọ fídíò, nínú kásẹ́ẹ̀tì tí àwòrán rẹ̀ máa ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n: ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1966 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC l'Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàfihàn rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ṣọ́jà dìtẹ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà nǹkan mìíràn ni àwọn bàbá wa tẹ́tí sí lórí rédíò lọ́sẹ̀ náà. Adam West ló ṣe Batman, Burt Ward ló ṣe Robin, apá 120 ni wọ́n sì ṣe kó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1968. Ìgbà náà gan-an ni tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ń gba ìgboro lọ́dọ̀ wọn, ni wọ́n bá da àwọ̀ sí i bí ẹni pé wọn ò ra ọ̀dà lówó. Batman òde òní dúdú bí ìdí ìkòkò, inú ń bí i ṣáá. Ti 1966 wọ búlúù, ó ń sọ̀rọ̀ bí olùkọ́ ilé ìwé, kódà ó jó nínú apá àkọ́kọ́. Ìbòjú rẹ̀ bo orí àti imú, ó fi ẹnu àti àgbọ̀n sílẹ̀ níta, ó ní etí kúkúrú méjì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lókè ojú bí ẹni pé ọmọ ilé ìwé ló fi ṣọ́ọ̀kì fà á. Ìlà yẹn ni ọmọ wa rí tó ní òun gbọ́dọ̀ ní.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe, sọ́fítíwíà ni mò ń kọ, nítorí náà kí n tó gbé sáàsì, mo kọ́kọ́ lọ kàwé. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn àgbàlagbà wà káàkiri ayé tí iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀ wọn kò ju kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ìbòjú yìí lọ? Wọ́n á dá fíìmù dúró, wọ́n á wọn gígùn imú, wọ́n á tún bára wọn jà lórí rẹ̀. Ohun kan ni gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí: inú rẹ̀ le. Fíbàgíláàsì ni wọ́n fi ṣe eegun rẹ̀, wọ́n wá fi aṣọ bò ó. Orúkọ ẹni tó ń ṣètò aṣọ nínú eré náà ni Jan Kemp.

Ṣùgbọ́n Jan Kemp kọ́ ló ronú kan ìbòjú náà. Inú ìwé àwòrán ni Batman ti wá, ní 1939, ẹni tí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́dàá rẹ̀ ni Bob Kane. Batman tí Kane kọ́kọ́ yà wọ aṣọ pupa, ó ní ìyẹ́ gan-n-gan lẹ́yìn, ìbòjú rẹ̀ kò sì ju bébà kékeré kan tó yí ojú méjèèjì ká. Ó gbé e lọ fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Bill Finger, tó ń tajà bàtà. Finger ló fa ìwé atúmọ̀ èdè yọ láti wo àwòrán àdán. Òun ló ní kí wọ́n bo orí rẹ̀ látòkè, kí wọ́n fún un ní etí, kí ìyẹ́ di aṣọ, kí pupa di eérú. Finger náà ló kọ ìtàn àkọ́kọ́. Kane ló lọ bá iléeṣẹ́ tó ń tẹ̀wé ṣàdéhùn, orúkọ Kane nìkan ló sì wọ inú àdéhùn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1966, Finger àti ẹnìkejì rẹ̀ kan kọ apá méjì fún eré tẹlifíṣọ̀n náà, ti ọ̀daràn aláago. Alẹ́ méjì péré ni orúkọ rẹ̀ hàn lórí Batman, bí ẹni tí wọ́n háyà láti òde. Ó kú ní 1974. Ọdún 2015, lẹ́yìn tí àwọn olùwádìí àti ọmọ ọmọ rẹ̀, Athena Finger, ti pariwo títí, ni wọ́n tó gbà láti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti Kane. Ọdún 76 nìyẹn.

Mo ka èyí lóru, mi ò sì lè sùn mọ́. Nínú iṣẹ́ tiwa, a ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Git. Bí ẹ bá tẹ git blame lórí fáìlì kan, á sọ fún yín, lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ kẹ́yìn àti ọjọ́ tó kọ ọ́. Èèyàn á rò pé kò sẹ́ni tó lè ṣe wá bíi ti Finger. Irọ́ ni. Ní iléeṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ ètò kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í han oníbàárà, ọ̀gá mi ló dúró níwájú tó ń ní "ohun tí mo ṣe níbí ni pé." Wọ́n ní kí èmi lọ wo jẹnẹrétọ̀. Orúkọ mi wà nínú Git o. Ta ló ń ṣí Git wò?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbòjú. Mo wọ rélùwéè lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá mi, tó ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ní kí n má fowó ṣòfò: kí n po ẹ̀kọ, kí n ya ìwé ìròyìn wẹ́wẹ́, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀lù ní ìpele-ìpele. Ó dára púpọ̀. Oòrùn ọjọ́ méjì ló gbẹ ẹ́. Mo gbé e sórí fìríìjì lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tó máa di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, eku ti jẹ etí ọ̀tún tán pátápátá, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ti òsì. Oúnjẹ ṣáà ni ẹ̀kọ.

Ìgbà náà ló sọ sí mi lọ́kàn pé fíbàgíláàsì tí wọ́n lò fún Adam West, òun náà ni àwọn tó ń tún bọ́ńpà mọ́tò ṣe ń pè ní fáíbà. Mo lọ bá ọ̀kan nínú wọn ní Pánṣẹ́kẹ́. Mo ti fi amọ̀ mọ orí kan, mo wọn ọ́n mọ́ orí ọmọ náà, mo sì fi àyè tìmùtìmù sílẹ̀ nínú rẹ̀ kó má bàa gé e lára. Ọkùnrin náà yí amọ̀ náà wò. "Mọ́tò wo lèyí?" Mo ní orí ọmọdé ni. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní látọjọ́ tí òun ti ń ṣe bọ́ńpà, òun ò ṣe ti orí rí. Ó fi epo para amọ̀ náà kó má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, ó tẹ́ fáíbà tó rí bí òwú lé e, ó po oje rẹ̀ mọ́ kẹ́míkà tó ń mú un gan, ó fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ihò imú. Kò ju wákàtí méjì lọ. Òórùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Fífi yẹ̀pẹ̀ bébà ha á ló burú jù, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń yún ara.

Ó wá ku aṣọ. Sátíìnì funfun ni mo rà, mo gbé e lọ sí Ìtòkú kí wọ́n bá mi pa á láró. Màmá tí mo bá níbẹ̀ fi ìka méjì fọwọ́ kàn án. "Bọ̀dá, rọ́bà lẹ gbé wá yìí. Kò ní mu aró." Mo tẹnu mọ́ ọn pé sátíìnì ni. Ó gé etí rẹ̀, ó tì í sínú aró, ó yọ ọ́, ó fi omi ṣàn án, ó sì ń dán funfun bó ṣe wà. Ó ní kí n lọ ra gínì. Nígbà tí mo gbé gínì dé, ó ní ṣé búlúù ni mo fẹ́ àbí àlùkò? Mo fi àwòrán hàn án lórí fóònù, ó wò ó lọ wò ó bọ̀, ó ní àwọn òyìnbó yìí fúnra wọn ò mọ èyí tí wọ́n fẹ́. Òótọ́ ló sọ. Nínú ìran kan ó jẹ́ búlúù, nínú òmíràn ó fẹ́ di àlùkò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló rì í bọ aró. Lẹ́yìn tó gbẹ, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi igi lù ú títí ó fi ń dán ju sátíìnì mi lọ.

Nígbà tó ń ká a fún mi ló tó béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní ìbòjú ni. "Ìbòjú? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò lọ sí Ìtòkò?"

Àlejò máa ń ṣi Ìtòkò mú fún Ìtòkú. Èmi ọmọ Òwu kì í ṣi wọ́n mú, ṣùgbọ́n mi ò béèrè rí ohun tó wà ní Ìtòkò. Mo dé ilé, mo tún wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì bí mo ṣe ṣe nítorí Bill Finger. Agbẹ́gilére ló wà ní Ìtòkò, kì í ṣe kékeré. Esubiyi gbẹ́ orí eégún níbẹ̀ ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé Adugbologe, tí àwọn ọmọ bá bàbá wọn di iṣẹ́ náà mú. Orí eégún tí wọ́n gbẹ́ l'Abẹ́òkúta wà ní àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Mo ṣí àwòrán ọ̀kan tóbi lójú kọ̀ǹpútà. Ojú èèyàn ni, ó rọ̀ṣọ̀mù, ó dákẹ́, etí gígùn méjì bíi ti ehoro sì nà sókè lórí rẹ̀.

Etí méjì. Mo pariwo síta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sá wá wò ó, ó ní, "Ọ́ńkù, èyí ju ti Batman lọ."

Ohun tó dùn mí ni ìwé tí wọ́n kọ sábẹ́ àwọn tó kù. Mo yí ojú ewé lọ bọ̀. Ọ̀pọ̀ kò sọ ju "Yorùbá" lọ. Bí ẹni pé gbogbo wa la péjọ gbẹ́ ẹ. Àwọn kan máa ń sọ pé àṣà wa ni pé a kì í kọ orúkọ sí iṣẹ́ ọnà. Mi ò gbà. Ìlú tó bá ní agbẹ́gilére mọ̀ ọ́n, ó mọ ilé rẹ̀, ó ń fi oríkì kì í. Ẹni tó wá gbé ère náà lọ ni kò béèrè. Níbi tí ẹnìkan ti béèrè, bí Ìtòkò, orúkọ wà. Ẹ wo Clapperton, aṣàwárí ará Scotland tó dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826. Ó rí eégún onídán níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bí ọ̀kan ṣe yọ bí òyìnbó funfun tínínrín, tí òtútù ń mú, tó ń fín áásáà, tó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń gún lẹ́sẹ̀. Òyìnbó tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jókòó níbẹ̀, ó kọ bí wọ́n ṣe ń rìn sílẹ̀. Orúkọ ẹni tó ṣe aṣọ náà kò sí níbẹ̀.

Mo fi àwòrán ti Ìtòkò han bàbá mi. Ó gba fóònù, ó wò ó pẹ́. Mo rò pé ó máa yìn ín. Ó ní, "Orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbé lọ. Agọ̀ rẹ̀ dà?" Ó dá fóònù padà fún mi. Lóòótọ́, orí igi yẹn kò dá nǹkan kan ṣe láìsí aṣọ rẹ̀, láìsí àwọ̀n tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ fi ń ríran, láìsí ìlù. Nítorí náà mi ò gbìyànjú láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, bí ọmọ tiẹ̀ ń bẹ̀ mí. Ti Adam West, eré ni. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìyẹn. Mi ò tíì sọ fún yín pé ọmọbìnrin ni. Obìnrin kì í wọ agọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan lọ́jọ́ pátì.

Kí ọjọ́ náà tó pé, mo fi bírò aláwọ̀ funfun kọ orúkọ sí inú ìbòjú náà, níbi tí tìmùtìmù kò dé: Bill Finger, Jan Kemp. Ìyá mi ní kí n kọ tòun náà, eku ló ba tòun jẹ́. Màmá aláró ní kí n ṣáà kọ "Ìtòkú." Mo gbé e lọ sí Pánṣẹ́kẹ́, mo bi oníbọ́ńpà bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, gàdàgbà gadagba, ó sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.